Eré kart ẹlẹ́gbẹ́: a yára, kí ló wá dé tá a fi ń kẹ́yìn? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àbúrò kan láti Ìkéré ló kọ̀wé sí mi l'Ádó níbí, lẹ́yìn tóun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta lọ s'Ékòó lọ sá eré kart (mọ́tò eré kékeré tí ò ní òrùlé, tó sún mọ́ ilẹ̀) oníwákàtí mẹ́ta. Fún ẹni tí ò bá tíì gbọ́ ọ rí, kart kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ kan máa ń lò, ẹ ó máa gbà á lọ́wọ́ ara yín, tẹ́nì kan bá ti wà á dé ibi tó yẹ á wọlé, ẹlòmíì á bọ́ sí i, ẹgbẹ́ tó bá yí pápá po jù kí àkókò tó pé ló gbégbá orókè. Látọdún 1923 ni wọ́n ti ń fi mọ́tò ńlá ṣe irú ẹ̀ fún wákàtí 24 ní Le Mans nílẹ̀ Faransé, àwọn oníkart náà sì ní tiwọn. Mo to ìbéèrè ẹ̀ àti èsì mi síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni wàhálà yìí ń bá fínra.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan nínú wa sá ìyípo kan ní sẹ́kọ́ndì 58, kò sẹ́ni tó sá irú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ ipò kẹjọ la ṣe nínú ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án. Ṣé kart tí wọ́n fún wa ni ò dáa ni? Mo fi ìwé àkókò wa ránṣẹ́ sí yín.

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrìnàjò. Kart yẹn ò ṣe nǹkan kan. Mo jókòó ti ìwé yẹn lálẹ́ àná, mo ń fi bírò tọ́ka sí i níkọ̀ọ̀kan. Bọ̀dá tó sá 58, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sá a. Ìyípo 45 ló ṣe, tó o bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ tó o wá pín in, sẹ́kọ́ndì 61 àtààbọ̀ ló ń já sí, torí pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kart yí bírí mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀kan tó bá sì ti yí báyẹn sẹ́kọ́ndì mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti wọgbó nìyẹn.

Wá wo àǹtí tó wà láàárín yín, tó ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀ rárá nínú lẹ́tà ẹ. Èyí tó yá jù nínú tiẹ̀ ò ju 59 àtààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n 60, 60, 60 ló ń sá látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Sẹ́kọ́ndì kan àtààbọ̀ ló fi dáa ju bọ̀dá lọ lórí ìyípo kọ̀ọ̀kan. Sọ ọ́ di ọ̀nà 45, ó lé ní sẹ́kọ́ndì 67, ìyẹn ju odindi ìyípo kan lọ! Àǹtí yẹn ni awakọ̀ yín tó dáa jù, inú mi ò sì dùn pé kò sẹ́ni tó rí i.

Ìbéèrè: Háà, a ò wò ó bẹ́ẹ̀ rárá. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ìyípo mẹ́rin lẹni tó ṣe ipò kẹta fi jù wá. Ìyípo kan nìyẹn, àwọn yòókù ńkọ́?

Ìdáhùn: Inú pit ló wà. Ibi tẹ́ ẹ ti ń pààrọ̀ awakọ̀ yẹn ló ń jẹ yín run.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ wọlé. Nínú ìwé yẹn, ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kẹta ń fi nǹkan bí ogójì sẹ́kọ́ndì yára jù yín nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọgọ́fà sẹ́kọ́ndì, ìyípo méjì gbáko, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sáré ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo tún rí i pé wọ́n fìyà jẹ yín lẹ́ẹ̀kan torí ẹ sáré wọ pit. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré o, àwọn èèyàn ń rìn níbẹ̀, epo wà níbẹ̀, ẹni tó bá ti kọjá ìlà yẹn kó máa wọ́ lọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Jẹ́ n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ tiwa fún ẹ. Kart ayálò kì í sábà ní rédíò tẹ́ ẹ lè fi bára yín sọ̀rọ̀, ọwọ́ lẹ máa jù sí ẹni tó ń wà á pé kó máa bọ̀. Tówẹ́ẹ̀lì funfun la mú dání. A débẹ̀ báyìí, gbogbo ẹgbẹ́ ló mú tówẹ́ẹ̀lì funfun, èmi ni mo wà lórí kart, mo kọjá níwájú wọn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń jù ú, mo ń rí i, n ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pè, bẹ́ẹ̀ àkókò tí wọ́n ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ wà kọjá ti ń lọ. A kọjá ẹ̀, wọ́n dá wa dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an torí pé ipò kejì la wà. Ìgbà tá a padà délé, a mú àǹkárá aláwọ̀ ọsàn tó ṣẹ́ kù nínú aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan, ìyá aránṣọ kan nítòsí Fájuyì bá wa ran án mọ́ pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, a fi igi sí i nídìí. Tó o bá jáde ní kọ́nà tó kẹ́yìn báyìí, bí iná ló ń tàn lójú ẹ. Látìgbà náà kò sẹ́ni tó ṣì í rí nínú wa.

Ìpààrọ̀ awakọ̀ fúnra ẹ̀, ẹ lè fi ilé kọ́ ọ. Ẹ gbé àga oníke kan tẹ́ ẹ ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ẹ fi bíríkì méjì síwájú ẹ̀, ti òsì ni bíréèkì, ti ọ̀tún ni iná. Ẹni tó ń bọ̀ sílẹ̀ á máa gba òsì jáde, ẹni tó ń wọlé á máa gba ọ̀tún wọlé, kí ẹ má fara gbá ara yín. Ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ ti dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, kó ti wọ ìbọ̀wọ́, ó kéré tán ìyípo méjì ṣáájú, kì í ṣe ìgbà tí kart ti dúró lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì. Ẹ ṣe é lógún ìgbà, kí ẹnì kan máa fi fóònù ka àkókò. Tí wọ́n bá ní ẹ gbọ́dọ̀ lo ìṣẹ́jú báyìí ó kéré tán nínú pit, kí ẹni tó ń ka àkókò sọ fún yín ìgbà tẹ́ ẹ lè gbéra, torí ẹni tó bá tètè jáde náà máa jìyà. Tí wọ́n bá sì ń rọ epo, íńjìnnì á kú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó sínú kart.

Ohun kan tún wà. Wákàtí mẹ́ta, èèyàn mẹ́rin, gbogbo ayé ló máa ń pín in sí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, gbogbo wọn á wá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, pit á wá rí bí ọjà Ọba lọ́jọ́ ọjà. Ẹ wọlé ní ogójì ìṣẹ́jú tàbí ní àádọ́ta.

Ìbéèrè: Èmi fúnra mi ńkọ́? Kart kì í fà tí mo bá ń jáde ní kọ́nà, mo tẹ iná dé ilẹ̀, ó kàn ń hùn ni, ó tún ń rùn bí nǹkan tó ń jóná.

Ìdáhùn: Òórùn yẹn ló tú àṣírí. Ẹsẹ̀ òsì ẹ wà lórí bíréèkì nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ iná, bóyá o ò tiẹ̀ mọ̀. Ó pọ̀ gan-an lára àwa tá a ti wa mọ́tò tipẹ́, torí pé kílọ́ọ̀ṣì ti mọ́ ẹsẹ̀ òsì lára. Kart ayálò ò ní jíà, kò ní kílọ́ọ̀ṣì tó o máa tẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ń di íńjìnnì mú fúnra ẹ̀ ni tí íńjìnnì bá ti sáré dé ibì kan, tó o bá wá fi bíréèkì dá a dúró tó o tún ń fún un níná, ara ẹ̀ ló ń jó yẹn, bíréèkì náà ń gbóná.

O tún gbọ́dọ̀ mọ irú íńjìnnì tó wà níbẹ̀. Honda GX ló wà nínú ọ̀pọ̀ kart tí wọ́n fi ń yáni, GX200, GX270 tàbí GX390. Tó o bá ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi nínú oko rí, tó ń dún tó-tó-tó, ẹbí ẹ̀ náà ni. Bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn o, Art Ingels tó kọ́kọ́ jó irin kart pọ̀ ní Kalifọ́níà ní 1956, íńjìnnì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ló gbé sí i. Íńjìnnì iṣẹ́ ni, ó lágbára láti ṣiṣẹ́ pẹ́, ṣùgbọ́n tí eré bá ti kú mọ́ ọn lára, ó máa ń pẹ́ kó tó gbà á padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ìdí kart máa yọ̀ ní kọ́nà. Ó máa ń dà bíi pé o ń sáré, táyà á máa ké, inú ẹ á máa dùn, eré ẹ ló sì ń dànù. Bíréèkì ọ̀pọ̀ kart ayálò, ẹ̀yìn nìkan ló wà, àtipé irin kan ṣoṣo ló so wíìlì ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ọ̀kan ò lè yí ju èkejì lọ. Tó o bá tẹ bíréèkì nígbà tó o ti ń yí sítíárìn, ìdí máa gbá lọ ni. Ṣe bíréèkì ẹ tán nígbà tí ojú ọ̀nà ṣì wà gbọọrọ, gbé ẹsẹ̀ kúrò, yí sítíárìn lẹ́ẹ̀kan, wo ibi tó o fẹ́ jáde sí, kó o wá fún un níná díẹ̀díẹ̀. Bọ̀dá 58 náà nílò ọ̀rọ̀ yìí jù ẹ́ lọ.

Ìbéèrè: Ọwọ́ ń dùn wá, ìka ò ṣeé ká lọ́jọ́ kejì. Ihà ọ̀kan nínú wa sì ṣì ń ro ó.

Ìdáhùn: Ẹ ń di sítíárìn mú bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá dé ibi tó gùn gbọọrọ, ẹ mí. Ti ihà yẹn, àga ló fẹ̀ jù fún un, ara ẹ̀ ń gbá a mọ́ ẹ̀gbẹ́ ní gbogbo kọ́nà. Kó béèrè ìtìlẹ́yìn tí wọ́n ń fi sínú àga, kó sì ra ìhámọ́ra ihà, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná owó lé lórí kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun mìíì. Àmọ́ tó bá ń dùn ún tó bá mí kanlẹ̀, kó lọ rí dókítà kó tó tún gun kart. Ẹ mu omi dáadáa láti ọjọ́ tó ṣáájú eré, kẹ́ ẹ sì fi iyán sílẹ̀ di alẹ́, mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ọmọ Èkìtì. Kí àǹtí di irun ẹ̀ sínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì, kó má so ìborùn kankan mọ́rùn, irin tó ń yí lẹ́yìn yẹn ò mọ èèyàn.

Ìbéèrè: Ẹnì kan nínú wa tóbi, kìlò 96 ni. Ṣé ó ń pa wá lára?

Ìdáhùn: Ó máa ń hàn díẹ̀. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó bóyá wọ́n máa ń fi òjé sínú kart fún àwọn tó fúyẹ́ kí gbogbo èèyàn lè dọ́gba. Tí wọ́n bá ń ṣe é, ẹ má rò ó mọ́. Ẹ má sọ ọ́ sí i létí pé òun ló ń fa yín sẹ́yìn.

Ìbéèrè: Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ó rọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ńṣe là ń yọ̀ kiri.

Ìdáhùn: Ojú ibi tí gbogbo èèyàn ń gbà nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, rọ́bà táyà ti lẹ̀ mọ́ ọn, tí omi bá wá kàn án, á máa yọ̀ bí ilá. Ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ gba ìta kọ́nà, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í tọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì rí ṣákiṣàki, táyà á rí nǹkan dì mú. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ẹ ó rí i pé ẹ̀ ń kọjá lára àwọn tó ń yí bírí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, níbo la ti máa kọ́ ọ báyìí? Ẹnì kan ní ká yá kart ká máa wà á lóru lójú títì Adó sí Ìkéré, pé ọkọ̀ kì í pọ̀ nígbà yẹn.

Ìdáhùn: Rárá o! Ẹ má dán an wò. Kart ò ní iná tó ń tàn, ó kéré débi pé onítírélà ò ní rí i rárá, ihò ojú títì kan ṣoṣo tó láti gbé e ṣánlẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé pọ̀: àga àti bíríkì tí mo sọ, ẹ máa sáré ẹsẹ̀ gun òkè láràárọ̀ (òkè ò wọ́n wa), ẹ mọ àsíá lórí. Yẹ́lò, ewu wà níwájú, kò sí ófátéékì. Búlúù, ẹni tó yára jù ẹ́ ń bọ̀, jẹ́ kó kọjá. Pupa, dúró bí wọ́n ṣe ṣàlàyé. Dúdú, wọlé, wọ́n ń pè ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú kẹ́ ẹ sùn níbẹ̀. Ìdájí lẹ gbéra lọ́jọ́sí, ẹ gba Arámọkọ, Ìtawurẹ́, Iléṣà, Ìbàdàn, ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹ bọ́ sórí kart. Èèyàn tí ara ẹ̀ ti kú tipiri báyẹn ni kart máa ń yí mọ́ lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ìparí oṣù la tún ń lọ. Ta ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àǹtí. Táyà ṣì tutù ní ìyípo méjì àkọ́kọ́, kart mẹ́sàn-án sì ni gbogbo wọn máa fẹ́ kó sí kọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ara ẹ̀ balẹ̀ lẹ fẹ́ níbẹ̀. Ìwọ àti ẹni tó tóbi ẹ ṣe àárín. Kí bọ̀dá ṣe ìkẹyìn, nígbà tí àwọn kart ti fọ́nká, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé 60 lẹ fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe 58, kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sára pátákó hàn án tó bá ti ń kọjá. Tẹ́ ẹ bá dé, fi ìwé àkókò tuntun ránṣẹ́ sí mi, gbogbo ojú ìwé ni kó o yà o, kì í ṣe ìyípo tó yá jù nìkan. Bá mi kí àǹtí.