Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Àkọsílẹ̀ Sáfíìsì Ọkọ̀ Kí Wáráńtì Má Baà Bọ́ Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ká ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan kú lójijì nígbà tí wáráńtì rẹ̀, ìyẹn ìlérí ilé-iṣẹ́ pé àwọn á tún ọkọ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kò tíì parí. Ẹni tó ni ọkọ̀ wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún un, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ti bi í pé: "Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn? Ìwé rẹ̀ dà?" Tó bá ní òun máa ń pààrọ̀ rẹ̀ déédéé, wọ́n lè gbà á gbọ́, wọ́n sì lè má gbà á gbọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Wáráńtì wà fún àbùkù tó bá ọkọ̀ ti ilé-iṣẹ́ wá: irin tí kò dára, iṣẹ́ tí wọn ò ṣe dójú ìwọ̀n. Kò sí fún ohun tí àìtọ́jú bá bà jẹ́. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni àríyànjiyàn máa ń wà, ẹni tó bá sì ní ìwé lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń tẹ̀wọ̀n. Nítorí náà, ẹ má kọ àkọsílẹ̀ yìí bí ẹni ń kọ ìrántí fún ara rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ fún àjèjì tí kò mọ̀ yín rí, tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́, tó sì lè máa wá ohun tó máa fi kọ̀.

1. Ẹ ka ìwé méjèèjì tó bá ọkọ̀ wá

Ìwé kan ń sọ bí a ṣe ń lo ọkọ̀, èkejì ń sọ nípa wáráńtì. Nínú wọn lẹ ó ti rí ètò sáfíìsì. Kìlómítà àti oṣù ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni ká tẹ̀ lé. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í jáde púpọ̀ ni ibí yìí sábà máa ń gbé ṣubú: kìlómítà rẹ̀ kò tíì pé, ó ń dúró dè é, oṣù 12 sì ti kọjá.

Ẹ wo ètò kejì tó wà fún ìlò tó le. Ìrìn kúkúrú tí ẹ́ńjìnnì kì í gbóná dáadáa kí wọ́n tó pa á, ọ̀nà eléruku, ẹrù fífà, àti kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìgbà pípẹ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, gbogbo wọn ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń wakọ̀ báyìí, tí a sì rò pé ètò tó rọrùn la wà.

Ẹ kọ ọjọ́ tí wáráńtì bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí àti iye kìlómítà tó máa parí sí, sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fa ọkọ̀ lé ẹni tó rà á lọ́wọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà síbẹ̀, èyí tí lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ 17 lápapọ̀. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀ rárá, kí wọ́n má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0. Tí ẹ bá rí O nínú èyí tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì yín, ẹ ní kí wọ́n tún un kọ.

2. Ẹ yẹ rìsíìtì wò kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù

Rìsíìtì tí wọ́n kàn kọ "sáfíìsì" àti iye owó sí kò sọ nǹkan kan. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ọjọ́, iye kìlómítà tí mítà ọkọ̀ fi hàn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tàbí nọ́ńbà ọkọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe gan-an, orúkọ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù, àti ìbuwọ́lùwé. Ní ti ọ́ìlì, kí wọ́n kọ irú èyí tí wọ́n lò, bíi 0W-20 tàbí 5W-30 (èyí tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó), ìwọ̀n API tàbí ACEA (àmì tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe dára tó) tí ìwé ọkọ̀ béèrè, àti iye lítà tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà fílítà pẹ̀lú.

Nínú gbogbo rẹ̀, kìlómítà ni mẹkáníìkì máa ń gbàgbé jù. Ẹ má tìjú láti dá rìsíìtì padà kí wọ́n kọ ọ́ sí i.

3. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ṣe sáfíìsì

Ní Amẹ́ríkà, òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975, tó dá lórí wáráńtì, kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ fi dandan mú ẹni tó ra ọkọ̀ láti lo kìkì ẹ̀yà tàbí iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ tiwọn kí wáráńtì tó lè dúró, àyàfi tí wọ́n bá ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí tí ìjọba bá yọ̀ǹda fún wọn. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, torí náà ẹ wo ohun tí ìwé wáráńtì yín sọ.

Ẹni tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kó ẹ̀rí jọ ju ẹni tó gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Rìsíìtì ọ́ìlì àti fílítà ni ìpìlẹ̀, kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ sì sún mọ́ ọjọ́ iṣẹ́. Kí iye lítà tí ẹ rà tó iye tí ẹ́ńjìnnì ń gbà: ẹ́ńjìnnì tó ń gba lítà 5 kò lè bá rìsíìtì lítà 4 mu. Ẹ ya fọ́tò mítà lọ́jọ́ náà, kí ẹ ya ike ọ́ìlì àti páálí fílítà pọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà kan sínú ìwé yín lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìwé tí wọ́n jókòó kọ ti ọdún mẹ́ta sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú bírò kan náà, kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá sì pẹ́ ṣe sáfíìsì kan, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é ní tòótọ́. Wọ́n lè fojú fo ìdádúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ irọ́ kan ṣoṣo lè mú kí wọ́n ṣiyèméjì sí gbogbo ìyókù.

4. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi méjì

Ọ̀rọ̀ orí ọ̀pọ̀ rìsíìtì tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ máa ń pa rẹ́. Ooru ló gbé ọ̀rọ̀ jáde lórí bébà náà, ooru àti ìmọ́lẹ̀ náà ló sì ń pa á rẹ́. Nítorí náà, àpótí iwájú ọkọ̀, tó ń gbóná bí oòrùn bá ń ràn, ló burú jù láti kó wọn sí. Tí wọ́n bá sì jí ọkọ̀ gbé, ìwé bá a lọ nìyẹn. Ẹ yà á ní fọ́tò lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, kí ẹ sọ fọ́tò náà ní orúkọ tó ní ọjọ́ àti kìlómítà nínú, kí ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí bébà wà nínú fáìlì nílé. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ní inú kọ̀ǹpútà làwọn ń kó àkọsílẹ̀ sí, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ gba ẹ̀dà tiyín. Ṣọ́ọ̀bù lè kógbá sílé.

5. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀

Sáfíìsì nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé tó wúlò jù nígbà mìíràn ni èyí tí wọn ò ti tún nǹkan kan ṣe. Bí gíà bá bẹ̀rẹ̀ sí í já nígbà tí wáráńtì ṣì wà, ẹ má ṣe mú un mọ́ra. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ohun tí ẹ sọ bí ẹ ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti kìlómítà. Ẹ má kàn sọ pé "ó ń dún". Ẹ sọ ìgbà tó ń dún: láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù ni, àbí nígbà tó ń kúrò ní gíà kejì bọ́ sí ìkẹta? Tí ẹ bá lè gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù, ẹ gbà á.

Bí wọ́n bá ní àwọn ò rí àléébù kankan, ẹ gba ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀. Tí gíà yẹn bá padà wá kú lẹ́yìn tí wáráńtì parí, ìwé náà ló máa fi hàn pé àìsàn rẹ̀ ti wà ṣáájú, ẹ sì ti sọ. Kò ní kí wọ́n má kọ̀, ṣùgbọ́n ó fún yín lẹ́nu láti fi sọ̀rọ̀.

6. Àwọn tó máa ń ṣubú láàárín

Wáráńtì ìpẹta àwọn ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kí wọ́n máa yẹ ara ọkọ̀ wò lóòrèkóòrè. Táyà àti bátìrì tí ẹ rà lọ́tọ̀ lè ní wáráńtì tiwọn, rìsíìtì tiwọn sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Wáráńtì àfikún tí a fowó rà máa ń le jù: àwọn kan kì í sanwó àtúnṣe tí wọn ò kọ́kọ́ fọwọ́ sí.

7. Bí wọ́n bá kọ̀

Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀: ẹ̀yà wo ló bàjẹ́, gbólóhùn wo nínú ìwé wáráńtì ni wọ́n dúró lé, sáfíìsì wo ni wọ́n ní ẹ ò ṣe, báwo nìyẹn sì ṣe ba ẹ̀yà náà jẹ́? Ọ́ìlì tí a kò pààrọ̀ lè pa ẹ́ńjìnnì, àmọ́ kí ló kan ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé gíláàsì fèrèsé sókè? Ẹ̀dà ìwé ni kí ẹ fún wọn, kí ojúlówó má kúrò lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá ta ọkọ̀ kí wáráńtì tó parí, ẹ wò ó bóyá ó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó rà á, torí bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rí. Fáìlì yẹn á wúlò fún un nígbà náà, ẹ kàn bo nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ilé yín lórí àwọn ẹ̀dà náà.