Ọ̀rọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ kó wọ Word, ẹ fi ọ̀ṣọ́ rẹ̀ sílẹ̀

Iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Pánṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta. Àkọ́bí á fi ìtàn ìgbésí ayé bàbá ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á fi tiẹ̀ sínú ímeèlì, wọ́n á ní kí n wá orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oríkì á sì wà nínú fáìlì àtijọ́ tí ẹbí lò nígbà tí ìyá kú. Tẹ́ ẹ bá kàn ń fi Ctrl+V lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀, fọ́ńtì mẹ́rin á jókòó sójú ìwé kan, orin á di búlúù tòun tìlà lábẹ́, ẹ̀yìn ìpínrọ̀ mìíràn á ní àwọ̀ eérú.

Ohun tó ń fà á ni pé Ctrl+C kì í gbé ọ̀rọ̀ nìkan. Ó máa ń gbé e ní oríṣi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan tòun ti fọ́ńtì, àwọ̀ àti ìwọ̀n, ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ lásán. Ibi tẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ló ń yan èyí tó wù ú, Word sì fẹ́ràn èyí tó lọ́ṣọ̀ọ́.

Nínú Word tuntun àti Google Docs, Ctrl+Shift+V ló ń mú ọ̀rọ̀ lásán wá. Ẹ ṣọ́ra o: nínú Word 2010 tàbí 2016, bọ́tìnnì kan náà yẹn ọ̀ṣọ́ ló ń lẹ̀, kì í lẹ ọ̀rọ̀ rárá. Nínú ìyẹn, ẹ tẹ Ctrl+V, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ wá tẹ Ctrl nìkan, kẹ́ ẹ tẹ T. Tàbí kẹ́ ẹ tẹ Ctrl+Alt+V, kẹ́ ẹ mú Unformatted Unicode Text nítorí àmì ohùn wa. LibreOffice ní tiẹ̀, Ctrl+Alt+Shift+V ni. Tí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ tẹni ẹlẹ́ni tẹ́ ò mọ èyí tó wà lórí rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Notepad, kẹ́ ẹ tún un kọ́pì níbẹ̀.

Èmi ò fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa rántí bọ́tìnnì. Mo lọ sí File, Options, Advanced, mo wá ibi Cut, copy, and paste, mo sì yí Pasting from other programs sí Keep Text Only. Látìgbà náà, Ctrl+V lásán ti tó fún ohun tó bá wá láti WhatsApp, ímeèlì tàbí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fáìlì oríkì yẹn, ẹ dúró ná. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tẹ Yorùbá kò ní ẹ, ọ àti ṣ lórí kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n á tẹ e, wọ́n á fi Ctrl+U fa ìlà sí i lábẹ́. Lójú tiwa, ẹ ni. Lójú kọ̀ǹpútà, e ni, ìlà yẹn wà lára ọ̀ṣọ́, ó sì ń bá ọ̀ṣọ́ lọ. Opó tó kọ "ọkọ mi àtàtà" á wá bá "oko mi àtàtà" nínú ìwé, àwọn àlejò á sì máa bi ara wọn ibi tí oko náà wà. Ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ní 1859, irú ẹ̀ ò yẹ ká rí i níbẹ̀.

Ẹ fi máòsì yan lẹ́tà náà. Tí U tó wà lókè bá tàn, ìlà ni. Ẹ tún un ṣe nínú fáìlì àtijọ́ kẹ́ ẹ tó kọ́pì rẹ̀: Ctrl+H, ẹ tẹ lẹ́tà e sínú Find what, ẹ tẹ Ctrl+U níbẹ̀ títí Underline á fi hàn lábẹ́ àpótí. Nínú Replace with, ẹ tẹ lẹ́tà ẹ, kẹ́ ẹ tẹ Ctrl+U títí á fi di No underline. Ẹ mú Match case. Ẹ ṣe é fún o àti s, fún lẹ́tà ńlá wọn, kẹ́ ẹ tún ṣe é fún é, è, ó, ò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí àkọlé kan bá wà tí wọ́n fa ìlà sí ní tòótọ́, ẹ má tẹ Replace All. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn fáìlì kan tún wà tó jẹ́ pé fọ́ńtì ayé ìgbà kan ló ń ya ẹ síbi tí àmì mìíràn wà. Bó bá ti bọ́ kúrò, gbogbo rẹ̀ á di wúruwùru. Èmi kì í bá ìyẹn jà, mo máa ń tún un tẹ̀ ni, mo sì máa ń gba owó rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá lẹ ọ̀rọ̀ lásán, lẹ́tà dúdú, lẹ́tà títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòrán àti ìlà tábìlì á lọ. Ẹ fi èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà fúnra yín. Lẹ́yìn náà, Ctrl+A, kẹ́ ẹ mú fọ́ńtì kan fún gbogbo rẹ̀. Charis SIL àti Noto máa ń gbé àmì wa dáadáa. Ẹ wá ibi tí "Ẹ̀gbá" wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ ojú ìwé yẹn nìkan jáde kẹ́ ẹ tó tẹ ìyókù.