Fífi Python sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní compiler

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó bá fẹ́ lo Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lórí Windows kò nílò compiler kankan, ìyẹn irinṣẹ́ tí ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lé lórí, nítorí pé èyí tí wọ́n ti ṣe parí wà lórí python.org. Bí ẹ bá ṣí installer rẹ̀, ẹ má ṣe kánjú tẹ "Install Now", ẹ kọ́kọ́ fi àmì sí àpótí kékeré ìsàlẹ̀ tí wọ́n kọ "Add python.exe to PATH" sí (PATH ni àwọn ibi tí kọ̀ǹpútà ti máa ń wá ètò).

Ọ̀dọ̀ pip, irinṣẹ́ tí ń gbé àfikún Python wá, gan-an ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá rí wheel, ìyẹn àkójọ tí wọ́n ti ṣe tán, tí ó bá ẹ̀yà Python yín mu, yóò lọ gbé kóòdù ìpìlẹ̀ wá, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè Microsoft Visual C++, ìyẹn compiler Windows, èyí tí ń jẹ dátà bí iná ṣe ń jẹ koríko. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ àfikún kan, bíi numpy, ẹ kọ ọ́ báyìí:

pip install --only-binary=:all: numpy

Bí wheel kò bá sí, yóò sọ fún yín lójú ẹsẹ̀. Ní tèmi, n kì í mú ẹ̀yà Python tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, torí pé wheel ẹ̀yà tí ó ṣáájú rẹ̀ ló sábà máa ń pé jù.

Ní ti Linux, pyenv, irinṣẹ́ kan tí ń fi Python sórí kọ̀ǹpútà, máa ń fẹ́ compiler, nítorí láti inú kóòdù ìpìlẹ̀ ni ó ti ń kọ́ Python. Ṣùgbọ́n uv, irinṣẹ́ mìíràn bẹ́ẹ̀, máa ń gba èyí tí ó ti parí wálẹ̀:

uv python install 3.12