Bí A Ṣe Ń Yan Àpótí Irinṣẹ́ Tó Lè Pẹ́ ní Badagry

Ìpẹtà ni ọ̀tá àkọ́kọ́ ní Badagry, torí atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wọlé. Kí o tó bèèrè iye owó, fa dúrọ́ọ̀ kan jáde, wo abẹ́ àti igun rẹ̀. Ibi tí ọ̀dà kò bá dé ni yóò kọ́kọ́ dípẹtà.

Irin tó nípọn tó mìlímítà 1 dára. Èyí tó bá ń dún bí agolo mílíìkì nígbà tí o tẹ̀ ẹ́, fi sílẹ̀ fún wọn, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dán tó.

Ojú irin tí dúrọ́ọ̀ ń gùn ló ṣe kókó jù: kí ó ní bọ́ọ̀lù bíárìn (àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tó ń jẹ́ kí ó máa yọ̀), kí dúrọ́ọ̀ sì lè jáde tán. Wá èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó lè gbé ẹrù kílò 45, torí súpánà wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Fà á dé òpin, kí o rọra tẹ̀ ẹ́ lórí. Bó bá tẹ̀ tàbí tó ń mì, má rà á.

Táyà íńṣì 5 ló dáa lábẹ́ àpótí, kí méjì ní bíréèkì. Kékeré máa ń há sínú ilẹ̀ tó ti là.

Rọ́bà ni kí o tẹ́ sínú dúrọ́ọ̀. Àwọn fóòmù kan máa ń fa omi mọ́ra.