Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ màlúù ṣàlàyé tísù tó ń so ara pọ̀

Tí ẹ bá ní kí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ka oríṣi tísù (àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kóra jọ ṣe iṣẹ́ kan) tó ń so ara pọ̀ fún yín, wọ́n á kà á wàràwàrà: aláwọ̀n, ọlọ́ràá, onífọ́nrán, kèrékèré, eegun, ẹ̀jẹ̀, ó parí. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ló da eegun pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi jẹ́ mọ̀lẹ́bí, kẹ́kẹ́ á pa. Àwọn kan wá lo fakọ́ǹsì nílé níbí ní Kétu, wọ́n ní "Tántì, ẹ bá wa là á yé wa," èmi náà sì ní tó bá jẹ́ ti ìwé nìkan, mi ò ṣe, ẹ jẹ́ ká ra ẹsẹ̀ màlúù.

Mo gun zémìjáàn lọ bá bàbá alápatà ní kùtùkùtù kí wọ́n tó sun ẹsẹ̀ níná, torí tí iná bá ti kan awọ, nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn ti bàjẹ́. Mo ní bàbá, ẹsẹ̀ iwájú ni o, ẹ gé e láti òkè orúnkún, ẹ má là á, ẹ má sun ún. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ṣé kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ṣe oògùn ṣá? Mo ní ilé-ìwé ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún bu ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ike fún mi.

Awọ la kọ́kọ́ bó. Inú awọ yẹn, fọ́nrán kọlájìn, purotéènì tó lágbára bí okùn, ló kún ibẹ̀, wọ́n kọjá ara wọn síbí sọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi yòówù kí ẹ ti fà á, kì í ya, ti èèyàn náà bẹ́ẹ̀ ni. Lábẹ́ ẹ̀ la ti rí nǹkan funfun kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ilé aláǹtakùn, tí ọ̀bẹ bá kàn án báyìí ó ti já. Àwọn ọmọ fẹ́ gé e sọnù, mo ní ẹ dúró ná. Òun ni kì í jẹ́ kí awọ lẹ̀ mọ́ ẹran, ẹ fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ yín wò, ṣé kò rìn? Ibẹ̀ ni òpójẹ̀ kéékèèké ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni omi ń sá sí tí ẹsẹ̀ aláìsàn bá wú, ibẹ̀ náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá kòkòrò jà ń ṣọ́dẹ. Ọ̀rá kò pọ̀ lára ẹsẹ̀ tiwa yìí, màlúù arìnnà ni, a kàn wò ó, a kọjá.

Iṣan ló dùn jù o. Ẹsẹ̀ màlúù nísàlẹ̀ orúnkún kò ní ẹran kankan tó ṣe gúnmọ́, òkè ni ẹran wà, iṣan gígùn funfun tó ń dán ló gba ìsàlẹ̀ lọ bá pátákò. Mo ní kí ọ̀kan nínú wọn di iṣan ẹ̀yìn mú kó fà á, pátákò ká kò! Gbogbo ilé pariwo, ọmọ aládùúgbò sá lọ pe ìyá ẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan di apá kejì mú lábẹ́ ìgúnpá kí wọ́n máa ka ìka, wọ́n gbọ́ bí ẹran ṣe ń rìn lọ́hùn-ún nígbà tí ìka ń ká níbí, iṣan ló so méjèèjì. Fọ́nrán inú iṣan kò kọjá ara wọn bíi ti awọ, ojú kan náà ni gbogbo wọn kọ sí, torí ojú kan ni wọ́n ti ń fà á. Èyí tó so eegun mọ́ eegun ní oríkèé náà jọ ọ́, àmọ́ òun kì í fa nǹkan, ó kàn ń di oríkèé mú kó má yẹ̀ ni.

Nígbà tá a ṣí oríkèé, kèrékèré yọ, ó funfun, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Kò ní òpójẹ̀ rárá, omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ, ẹ wá rí i pé tí ti orúnkún èèyàn bá ti jẹ, kì í tètè san. Oríṣi kèrékèré méjì yòókù kò sí lára ẹsẹ̀ yìí bó ṣe yẹ, ọ̀kan wà ní etí tiwa, ẹ ká etí yín ó máa padà, ìkejì wà láàárín eegun ẹ̀yìn.

Ti eegun, mo ti ki eegun adìẹ bọ fínẹ́gà sílẹ̀ ṣáájú. Ásíìdì ti jẹ kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀, eegun náà wá ń tẹ̀ bíi rọ́bà, kọlájìn ló kù. Mo ju òmíràn sínú iná títí ó fi funfun, èyí ni tiẹ̀ rún sọ́wọ́, torí kọlájìn ló jóná níbẹ̀. Ọ̀kan bi mí pé ara wa ń rí kọlájìn ṣe láti ibo, mo na ọsàn sí i. Láìsí fítámì C, kọlájìn tuntun kì í dúró dáadáa, ẹ̀rìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, ojú egbò á máa ṣí. Ní 1747, James Lind tó jẹ́ dókítà ọkọ̀ ojú omi ọmọ Scotland fún atukọ̀ méjì tí àìsàn yìí ń ṣe ní ọsàn àti lẹ́móònù, ara wọn yá ju ti àwọn tó fún ní nǹkan míì lọ.

"Tántì, ẹran ńkọ́, ṣé kì í ṣe ara wọn ni?" Ìbéèrè tí mo ń dúró dè gan-an nìyẹn. Rárá, torí sẹ́ẹ̀lì ẹran há mọ́ra wọn. Nínú tísù tó ń so ara pọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì sábà máa ń jìnnà síra, nǹkan tó wà láàárín wọn ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ti eegun, ó le. Ti kèrékèré, ó rọ̀ ó sì mumi. Ti ẹ̀jẹ̀, omi ni, ó tó ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní awọ àti iṣan ní fọ́nrán, ti ẹ̀jẹ̀ dà, mo gbé ike wá, ẹ̀jẹ̀ ti dì, fọ́nrán kì í yọ nínú ẹ̀ àfi tó bá dì.

A se ìyókù lálẹ́. Iṣan tí ọ̀bẹ ò fẹ́ràn lọ́sàn-án rọ̀ nínú ìkòkò, torí kọlájìn máa ń di jẹ́látìn tó bá pẹ́ nínú omi gbígbóná, ọbẹ̀ tó tutù wá dì gbagidi. Iṣan yẹ́lò tó wà ní ọrùn màlúù kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sè é títí dọ̀la, ẹlásítìn ló pọ̀ nínú ẹ̀, irú èyí tó ń jẹ́ kí òpójẹ̀ ńlá àti ẹ̀dọ̀fóró tiwa fẹ̀ kó tún padà. Mo ti bá bàbá alápatà sọ ọ́, wọ́n ní kí n wá mú ọrùn tí wọ́n bá tún pa òmíràn.