Bí mo ṣe tọ́jú màámi lẹ́yìn tí wọ́n yọ kókó kúrò lórí ọpọlọ wọn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ọdún tó kọjá le fún wa nílé, mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ nígbà yẹn torí kò sí agbára ẹ̀ lára mi. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀rẹ́ mi kan pè mí láàárọ̀ kùtù, ẹkún ló ń sun, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé kókó wà nínú orí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó ní "kí ni mo fẹ́ ṣe báyìí?" A sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo wá rí i pé nǹkan tí mo mọ̀ ti pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Torí náà bá a ṣe ṣe é nílé wa nìyí.

Sílípáàsì ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Màámi ń ta áńkárá ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn, wọn kì í jókòó sójú kan. Wọ́n á máa rìn lọ, sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún á bọ́, wọn ò ní mọ̀ àfi tí wọ́n bá tẹ òkúta. Lẹ́yìn ìyẹn ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, tí wọ́n bá ti jí láàárọ̀ báyìí á máa fọ́ wọn, tó bá di ọ̀sán á rọlẹ̀. Kẹ́míìsì ní ibà ni, a lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹlòmíì ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àwọn kan ní ayé ni. Oṣù mẹ́rin la fi wà lẹ́nu ẹ̀, títí di ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra ẹ̀, ó gun itan, ó dé apá, màámi ṣubú lé ìdì aṣọ. Ìgbà yẹn la tó lọ ṣe MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí.

Meningioma ni dókítà pè é. Ó ní kì í ṣe ọpọlọ gan-an ló hù ú, awọ tó bo ọpọlọ ló ti jáde, ó wá ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti màámi wà lókè orí lápá òsì, nítòsí àárín, ibẹ̀ ló ń darí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìdí nìyẹn tí sílípáàsì fi ń bọ́. Ọ̀pọ̀ irú kókó yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ dókítà ní kí n fara balẹ̀, ó ní egungun ló yí inú orí ká, kò sí àyè níbẹ̀, nǹkan tí kì í ṣe jẹjẹrẹ náà lè pààyàn tó bá ń dàgbà níbẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà fún tiwọn. Màámi ò bẹ̀rù ikú tó bí wọ́n ṣe bẹ̀rù fífá orí. Wọ́n ní "bàbá yín ò kú, kí ló dé tí wọ́n á fá mi lórí bí opó?" Mi ò lè fèsì. Bàbá ló dá wọn lóhùn, wọ́n ní "tí wọ́n bá fá tìẹ, èmi náà á fá tèmi," wọ́n sì fá a lóòótọ́, wọ́n gbé orí dídán wá sí wọ́ọ̀dù, màámi rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ọkàn mi ò balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ohun tó tù mí nínú ni pé kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Ọdún 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ọsibítù UCH n'Ìbàdàn níbí, àwọn tó kọ́ ló tún kọ́ àwọn míì.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ náà, a ò sí níbẹ̀, a jókòó síta láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni. Ibi tí iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n ní ká máa lọ sílé. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kó láílọ́ọ̀nù oògùn lé mi lọ́wọ́, ó ka orúkọ oògùn márùn-ún wéréwéré, ó ní "ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo èyí o," ó bá tiẹ̀ lọ, aláìsàn pọ̀ níwájú ẹ̀. Inú táásì ni mo ti rí i pé mi ò mọ èwo ni "èyí". Mo ní kí dírẹ́bà yí padà. Mo ra ìwé ọmọléèwé kan lẹ́nu géètì, mo padà sí wọ́ọ̀dù, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un sọ níkọ̀ọ̀kan, kí ló wà fún, ìgbà wo, kó tó jẹun àbí lẹ́yìn oúnjẹ, títí di ọjọ́ wo, kí ni mo máa rí tí mo fi ní láti sáré wá. Ìwé yẹn la fi ṣe gbogbo ẹ̀. Tí ẹ ò bá gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ẹ gba ìwé yìí. Lójoojúmọ́ ni mo ń kọ aago oògùn sí i, bí wọ́n ṣe sùn sí, orí fọ́ àbí kò fọ́, wọ́n ya ìgbẹ́ àbí wọn ò yà (ẹ má fojú kéré èyí, àwọn dókítà ò fẹ́ kí wọ́n máa tiraka ní ilé ìgbẹ́ rárá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orí, a ń fún wọn ní ìbẹ́pẹ àti omi dáadáa), mo sì fi ojú ewé tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún ìbéèrè tí mo fẹ́ bi dókítà.

Oògùn tó dà wá láàmú jù ni dexamethasone. Òun ló ń fa wíwú inú ọpọlọ wálẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Àmọ́ ó ń lé oorun lọ, ó sì ń jẹ́ kí ebi máa pa èèyàn ṣáá. Aago méjì òru màámi á ti jí, wọ́n á ní kí n ro ẹ̀bà. Èmi náà á dìde, màá ro ó, àánú ń ṣe mí. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó wo ìwé mi tí mo rí i pé aago mẹ́jọ alẹ́ ni mò ń fún wọn ní ìkejì. Mo pe dókítà, wọ́n ní kí n lò ó láàárọ̀ àti ní ọ̀sán kó tó di aago méjì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì màámi sùn wákàtí márùn-ún! Oògùn yìí náà ló ń gbé ṣúgà sókè, màámi ò ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ nígbà tá a fi ẹ̀rọ yẹn gún ìka wọn, 238 la rí, ó ti ga jù. A dín ẹ̀bà kù, a fi ewédú àti ẹja kún un, dókítà sì ń tọ́jú ìyókù.

Ojú wọn wá wú. Aládùúgbò kan ní "ẹ wò ó, oògùn òyìnbó ló ń bà wọ́n lára jẹ́, ẹ dá a dúró." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi níbí. Ẹ má dá dexa dúró lójijì, láyé. Tí èèyàn bá ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ara tó ń pèsè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún oògùn, kò pèsè tiẹ̀ mọ́, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà aláìsàn lè dákú, ọpọlọ náà sì tún lè wú padà. Ṣe ni wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, dókítà kọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ lọ́jọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Nígbà tó parí, ojú màámi padà sí bó ṣe wà.

Keppra ni "èyí" tí nọ́ọ̀sì ń sọ, oògùn gìrì, aago méje àárọ̀, aago méje alẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọjọ́ Sátidé, ó tán nílé, kẹ́míìsì àdúgbò ò ní, mo ní ká fi di ọjọ́ Ajé. Àṣìṣe mi nìyẹn, mo ṣì ń rò ó títí dòní. Lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kí n tó dìde ilé ti kún, ẹnì kan ti mú ṣíbí wá, ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n mú epo pupa wá. Mo pariwo ju tiwọn lọ. Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ki nǹkan kan bọ̀ wọ́n lẹ́nu, torí eyín lè kán, nǹkan sì lè há wọn lọ́fun, èèyàn kì í gbé ahọ́n ara ẹ̀ mì. Mo fi ẹ̀gbẹ́ wọn lélẹ̀, mo fi ìró mi tẹ́ sábẹ́ orí wọn, mo gbé àga kúrò nítòsí, mi ò di ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn mú, mo wo aago. Ìṣẹ́jú méjì. Lójú mi ó dà bí odindi ọjọ́ kan. Wọ́n ti sọ fún mi pé tó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tí òmíì bá tẹ̀ lé e tí wọn ò tíì lajú, ọsibítù ni tààrà. Àbúrò mi gbé ọ̀kadà lọ wá Keppra láàárín ìgboro lọ́jọ́ yẹn, a sì pe dókítà. Láti ìgbà náà, tó bá ti ku oògùn ọ̀sẹ̀ méjì, a ti ra òmíì.

Ojú ọgbẹ́ ò fún wa ní wàhálà. Wọ́n yọ okùn ẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní ọsibítù, a ń jẹ́ kó gbẹ, ìborí fífúyẹ́ ni wọ́n ń wé, kò sí gèlè líle. Ohun tí wọ́n ní kí n máa wò ni ọyún, ara gbígbóná, ọrùn tó le gan, tàbí omi tó mọ́ gaara tó ń kán láti ojú ọgbẹ́ tàbí imú. Ìkankan nínú ẹ̀, ọjọ́ náà gan-an lẹ máa lọ.

Àwọn àlejò ńkọ́? Ẹ mọ̀ wá, àìsàn ò lè wà kí èèyàn má wá kí wa. Ìfẹ́ ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú. Àmọ́ ọpọlọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí máa ń tètè rẹ̀, ariwo, iná, ọ̀rọ̀ èèyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, màámi á kàn dákẹ́, wọ́n á dijú, omijé á máa bọ́. A wá gbé àga síta lábẹ́ igi máńgòrò, bàbá ń gbàlejò níbẹ̀, ẹni méjì á wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á gbàdúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àgbo tí wọ́n bá gbé wá, mo máa ń kúnlẹ̀ gbà á, mo máa ń dúpẹ́, mi ò sì fún màámi mu, torí dókítà ní a ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ àti bó ṣe máa bá oògùn gìrì jà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni ìbínú. Màámi tí kì í gbóhùn sókè sí ọmọdé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fìbínú sọ̀rọ̀ sí wa. Wọ́n sọ ife omi mọ́ ògiri torí ọmọ mi ń kọrin. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún, mo rò pé wọ́n ti yọ màámi mọ́ kókó yẹn jù nù. Nígbà tá a padà lọ sí kílíníìkì mo ka ohun tí mo kọ sínú ìwé jáde, ojú ń tì mí, bí ẹni pé mò ń fẹjọ́ ìyá mi sùn. Dókítà kò yà á lẹ́nu, ó ní Keppra máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀, dexa náà ń dá kún un, ó yí oògùn náà padà sí òmíì díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta màámi mi padà. Tí ojú bá tì mí ní tòótọ́, tí mi ò kà á, ṣé a máa mọ̀?

Ẹsẹ̀ ló pẹ́ jù. Físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ẹsẹ̀ wọn, ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ gan-an wà láàárín ọjọ́ tí kò sí níbẹ̀. Ká dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ká gbé ọmọ ẹsẹ̀ sókè. Ká rìn dé géètì, ká sinmi, ká padà. Màámi kórìíra kíka ẹ̀ bí ọmọ iléèwé, wọ́n ń sọ pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Mo wá kó áńkárá jáde, mo tẹ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà dé géètì, mo ní "Màámi, ẹ bá mi wò ó, yáàdì mélòó lèyí?" Wọ́n rìn ín lọ rìn ín bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀rọ̀ iye owó la ń sọ, wọn ò rántí ẹsẹ̀. Bàtà oníbẹ́líìtì lẹ́yìn ni wọ́n ń wọ̀, a kó gbogbo sílípáàsì kúrò nílé.

Èmi náà ṣàìsàn ní oṣù kejì, torí mò ń sùn lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn lálaalẹ́. Ìgbà yẹn la tó pín in, àbúrò mi gba òru Jímọ́ọ̀ àti Sátidé, bàbá gba oògùn àárọ̀. Ó yẹ ká ti ṣe é láti ọjọ́ kìíní.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta a ṣe MRI míì. Dókítà gbé e sójú iná, ó fi ìka han màámi ibi tí kókó wà tẹ́lẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù, àmọ́ a ó máa wò ó lọ́dọọdún. Ní oṣù karùn-ún màámi lọ sí ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí méjì, mo tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìwé. Nígbà tá a dé ilé mo fẹ́ kọ ti ọjọ́ yẹn, wọ́n na ọwọ́, wọ́n ní "gbé e wá, èmi ni mo lorí." Wọ́n kọ aago oògùn, wọ́n kọ pé orí ò fọ́. Nísàlẹ̀ ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: "Mo ta yáàdì mẹ́jọ." Láti ọjọ́ yẹn àwọn ló ń kọ ọ́.