Bí Ẹ Ṣe Lè Tú Ìdè Tó So Ìlépa Àìlábùkù Mọ́ Ìsoríkọ́

Kí èèyàn fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kì í ṣe àìsàn, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Ibi tí ewu wà ni kí èèyàn máa fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wọn iyì ara rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣàṣeyọrí, á ní iṣẹ́ náà ló rọrùn, á sì gbé òṣùwọ̀n sókè sí i. Bó bá kùnà, ẹ̀rí ti dé nìyẹn pé òun ò já mọ́ nǹkan kan. Ojú ọ̀nà yìí ni ìsoríkọ́ sábà máa ń gbà wọlé.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohùn ẹni tó ń pàṣẹ fún yín. Lọ́dún 1991, Paul Hewitt àti Gordon Flett, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Kánádà, pín ìlépa àìlábùkù, ìyẹn kéèyàn máa fẹ́ kí ohun gbogbo wà láìní àbùkù kankan, sí mẹ́ta: èyí téèyàn ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀, èyí tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì, àti èyí tó gbà pé àwọn ẹlòmíì ń béèrè lọ́wọ́ òun. Ẹ̀kẹta yìí bá ìsoríkọ́ tan gan-an, òun náà sì ni àwọn olùṣèwádìí méjì, Thomas Curran àti Andrew Hill, rí i pé ó pọ̀ sí i jù lọ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1989 sí 2016. Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ òfin tí ẹ ń tẹ̀ lé láìsọ ọ́ jáde, irú bíi “Mi ò gbọ́dọ̀ ṣàṣìṣe lójú ọ̀gá mi.” Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó fi òfin náà lélẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín rí.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù, lójú tèmi, ni fònídónìí-fọ̀ladọ́la. Wọ́n á máa pe onítọ̀hún ní ọ̀lẹ, nígbà tó jẹ́ pé ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó lè rí àbùkù iṣẹ́ tí kò tíì ṣe. Bí ìsoríkọ́ bá wá dé, á gba okun lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ òṣùwọ̀n ò ní sọ̀ kalẹ̀ rárá, ìtìjú á sì máa gorí ìtìjú.

Àdánwò, ìyẹn kéèyàn dán ohun tó ń bà á lẹ́rù wò, ló ń tú irú ìdè yìí, kì í ṣe ìyànjú ẹnu lásán. Ẹ mú iṣẹ́ kékeré kan tí àṣìṣe inú rẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, bóyá lẹ́tà tí ẹ máa ń kà lẹ́ẹ̀mẹjọ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá kà á lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 20. Bí àkókò bá pé, ẹ fi ránṣẹ́ bó ṣe wà. Àyà yín á já. Ẹ jẹ́ kó já, ó máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ẹ kọ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì tún irú rẹ̀ ṣe, torí pé ẹ̀rí ẹyọ kan kò tó láti borí ìgbàgbọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Ẹ ṣọ́ra, kí àdánwò yìí náà má lọ di ìdánwò tí ẹ gbọ́dọ̀ yege. Bí ẹ bá gbàgbé ọjọ́ méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ padà láìsan gbèsè kankan. Ní ọjọ́ tí ara bá wúwo, bí ẹ bá wẹ̀, tí ẹ jẹun, tí ẹ sì rìn jáde díẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti tó.

Gbogbo èyí kò rọ́pò ìtọ́jú. Bí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun bá ń bá yín fínra lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà. Bí ó bá jẹ́ èrò láti pa ara yín ló wọlé, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la, ẹ sọ fún ẹnì kan lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe to ọ̀rọ̀ yín dáadáa débi tí dókítà á fi rò pé ara yín le. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ gbólóhùn méjì péré sórí bébà, “Oorun ò kùn mí mọ́. Mo ti ń fi í pa mọ́ fún gbogbo èèyàn,” kí ẹ sì nà án sí dókítà bẹ́ẹ̀, láìtún un kọ.